Afárá tí rélùwéè kò gbà mọ́ àti ilé olódi Conisbrough: ọjọ́ mẹ́rin pẹ̀lú Màmá

Ọjọ́ Kìíní: Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù kẹfà 2025

Ilé olódi ni mo fẹ́ lọ wò. Afárá ni Màmá fẹ́ lọ wò. Ní Conisbrough, nítòsí Doncaster ní àríwá England, ni méjèèjì wà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò yìí ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹ má bínú bí mo bá ń ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì.

Màmá ti wà lọ́dọ̀ mi ní Peckham, ní London, láti oṣù kẹrin. Mo ti mú wọn lọ wo ààfin ọba, mo ti mú wọn lọ wo Tower Bridge. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n padà sílé wá jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Àfi ọjọ́ tí wọ́n ká àwòrán kan mọ́ mi lọ́wọ́ lórí fóònù: afárá bíríkì kan tó ga fíofío láàárín igbó, kò sí ojú irin lórí rẹ̀, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Mi ò tíì la ẹnu tí wọ́n fi ní, "Rélùwéè ló ni èyí."

Wọ́n mọ̀ ọ́n. Bàbá wa ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ọ̀ṣogbo, láyé ìgbà tí èédú Ẹnúgù ṣì ń fa ọkọ̀ ojú irin. Àwọn ni wọ́n ń fi ṣọ́bìrì da èédú sínú iná ẹ́ńjìnnì, Màmá ló sì ń fọ aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n bá wọ̀ bọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí Màmá sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan láì mu omi, ẹ ṣáà ti dárúkọ aṣọ iṣẹ́ yẹn.

A wọ ọkọ̀ ní King's Cross láàárọ̀, kò pé wákàtí méjì tí a fi dé Doncaster. Ẹ̀yin tí ẹ máa mú àgbàlagbà dání, ẹ gba ọkọ̀ tí kò ní í sọ yín sílẹ̀ láti wọ òmíràn lójú ọ̀nà, bó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀. Ẹ sì di oúnjẹ. Owó búrẹ́dì ẹlẹ́yin kan tí wọ́n ń tà nínú ọkọ̀ yẹn tó owó ẹ̀fọ́ tí a ó fi se ìkòkò ọbẹ̀ kan. Màmá wo búrẹ́dì náà, wọ́n wo èmi náà, wọ́n tú mọ́ínmọ́ín wọn.

Ìlú rélùwéè gan-an ni Doncaster. Láti 1853 ni wọ́n ti ń ṣe ẹ́ńjìnnì níbẹ̀, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣe Mallard, èyí tó sáré 126 máìlì ní wákàtí kan ní 1938, tí ẹ́ńjìnnì elédùú kankan kò tíì sáré jù ú lọ títí di òní. Kì í ṣe Mallard la rí ṣá. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà nínú ilé ìkàwé Danum láàárín ìlú gbé ẹ́ńjìnnì méjì kalẹ̀ sínú ilé, ọ̀kan tó ń jẹ́ Green Arrow, tí wọ́n ṣe ní 1936, àti ògbólógbòó kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 251. A kò san kọ́bọ̀. Màmá rìn yí Green Arrow po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dúró níwájú ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń dúró sí. "Ibí ni bàbá rẹ máa wà," ni wọ́n wí. Wọ́n ya ẹsẹ̀, wọ́n tẹ eékún díẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ṣọ́bìrì tí kò sí níbẹ̀ mú, wọ́n ju èédú sọ́tùn-ún, wọ́n jù ú sósì. "Kì í ṣe pé o kàn máa dà á. Igun iná ni o máa kọ́kọ́ bọ́." Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti ń wò wá láti ìgbà náà. Mo rò pé ó fẹ́ bá wa wí ni. Àga ló gbé wá fún Màmá, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un ṣe.

A wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Conisbrough nírọ̀lẹ́. Pọ́n-ùn mẹ́ta ni a san lórí ẹnì kan nígbà náà.

Ọjọ́ Kejì: Ẹtì, 13 oṣù kẹfà

Òjò ti ń rọ̀ láti òru. Kì í ṣe òjò tiwa tó máa ń ké lórí páànù. Èyí ń rọ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń sẹ́ èlùbọ́, aṣọ rẹ yóò ti rin gbingbin kí o tó mọ̀ pé òjò ń pa ọ́.

Orí òkè ni ilé olódi náà wà. Láti àárín ìlú kò jìnnà, àmọ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ọ̀nà náà, Màmá sì sinmi lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ìsinmi kejì, obìnrin kan ṣílẹ̀kùn ilé rẹ̀, ó bi wá bóyá a fẹ́ jókòó sínú. A ní rárá o, a dúpẹ́. Ó wọlé, ó tún jáde, ó mú agboòrùn kan wá, ó ní kí a gbé e sẹ́nu ọ̀nà òun bí a bá ń padà bọ̀. Kò bèèrè orúkọ wa, kò bèèrè ibi tí a dé sí.

Owó ìwọlé kò tó pọ́n-ùn mẹ́wàá nígbà tí a lọ, wọ́n sì dín in kù fún àgbà. Ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀.

Orúkọ Conisbrough fúnra rẹ̀ túmọ̀ sí ibi olódi ọba. Ọwọ́ Harold, ọba England, ni ilẹ̀ náà wà kí àwọn ará Normandy láti ilẹ̀ Faransé tó pa á lójú ogun ní 1066, ìgbà náà ni Ọba William tó ṣẹ́gun gbé e fún ọmọ ogun rẹ̀ kan, William de Warenne. Àmọ́ kì í ṣe de Warenne yìí ló kọ́ ohun tí ojú ń rí lónìí. Ilé ìṣọ́ funfun kan ni, ó rí roboto, ó ga tó nǹkan bí 90 ẹsẹ̀ bàtà, òpó òkúta ńlá mẹ́fà sì lẹ̀ mọ́ ọn lára yíká, bí ìgbà tí ọkùnrin mẹ́fà bá gbé èjìká ti ilé kan kó má wó. Hamelin ló kọ́ ọ, ní nǹkan bí 1180. Ọbàkan Ọba Henry Kejì ni Hamelin. Geoffrey ti Anjou ló bí àwọn méjèèjì, àmọ́ Geoffrey kò gbé ìyá Hamelin níyàwó, torí náà Hamelin kò lè jọba. Ohun tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ọba yìí rí gbà dípò adé ni ìyàwó: Isabel de Warenne, ẹni tó jogún gbogbo ilẹ̀ àwọn baba rẹ̀. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1164, Conisbrough sì bọ́ sọ́wọ́ Hamelin.

Bí mo ṣe ń ka èyí fún Màmá nínú òjò, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀. Ọbàkan ọba ló máa ń kọ́ ilé tó ga jù. Ó fẹ́ kí wọ́n máa rí òun ni."

Màmá kò gun òkè ilé ìṣọ́ náà. Inú ògiri ni wọ́n la àtẹ̀gùn sí, ó ń yí lọ sókè bí ikùn ìgbín, òkúta rẹ̀ sì ti jẹ láàárín níbi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Èmi gùn ún. Ó pẹ́ gan-an tí ilé náà wà láìní òrùlé, ní àwọn ọdún 1990 ni wọ́n tó fi pákó tẹ́ ilẹ̀ sí i padà, tí wọ́n sì bò ó lórí. Mo rí ibi ìdáná ńlá kan tí màlúù lè dùbúlẹ̀ sí. Mo rí yàrá àdúrà tó wà nínú ikùn ọ̀kan lára òpó mẹ́fà yẹn, kékeré ni, ènìyàn márùn-ún yóò há níbẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ òkúta rẹ̀ bí ẹni gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin. Ní tèmi, yàrá yìí nìkan tó owó ọkọ̀ láti London. Mo fọwọ́ kan igun kan lára òkúta náà. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ti kú láti 800 ọdún, etí rẹ̀ ṣì mú.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, Màmá ti bá òṣìṣẹ́ ibẹ̀ dọ́rẹ̀ẹ́, obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì tó ń yọ̀ǹda ara rẹ̀. Ó ti sọ ìtàn Alice de Lacy fún wọn, Màmá sì bínú títí di alẹ́. Ìtàn náà rèé. Ní 1317, olóyè tó ni Conisbrough nígbà náà, John de Warenne, ní kí àwọn ènìyàn òun lọ gbé Alice, ìyàwó Thomas, olóyè Lancaster. Wọ́n gbé e. Thomas kò gba ilé ẹjọ́ lọ. Ó kó ogun jọ, ó gba Conisbrough lọ́wọ́ ẹni tó gbé ìyàwó rẹ̀. Kò gbádùn rẹ̀ pẹ́, torí ọba bẹ́ ẹ lórí ní Pontefract ní 1322 nítorí ọ̀tẹ̀.

"Ìyàwó ńkọ́?" ni Màmá bi í. "Ṣé wọ́n fipá gbé e ni àbí òun ló fẹ́ lọ?"

Obìnrin náà ní àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lé e lórí.

"Ẹ ò rí i. Wọ́n mọ iye òkúta tó wà nínú ògiri, wọn ò mọ̀ bóyá obìnrin fẹ́."

Ohun tó dùn mọ́ mi jù lọ ni ìdí tí ilé náà fi wà níbẹ̀ dòní. Òkè tí wọ́n kọ́ ọ lé kò fìdí múlẹ̀. Nígbà tí àwọn aṣojú ọba wá yẹ̀ ẹ́ wò ní nǹkan bí 1537, ẹnubodè ti wó, afárá ẹnubodè ti wó, apá kan ògiri ìta sì ti yọ̀ bọ́ sínú kòtò. Kò sẹ́ni tó tún un ṣe. Ọgọ́rùn-ún ọdún lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, ogun abẹ́lé bẹ́ láàárín ọba àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1642. Gbogbo ilé olódi tó lè gba ọmọ ogun sínú ni wọ́n jà lé lórí. Ilé olódi Pontefract, tó ju Conisbrough lọ lọ́nà gbogbo, wọ́n dó tì í, wọ́n gbà á, wọ́n sì wó o palẹ̀ ní 1649. Ta ló máa dó ti ilé tí ògiri rẹ̀ ti dùbúlẹ̀? Wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wíwó tó ti wó tẹ́lẹ̀ ló yọ ọ́.

Alẹ́: ẹja díndín àti ọ̀dùnkún díndín, ó lé ní pọ́n-ùn mẹ́wàá fún àwo kan, àmọ́ ẹja náà gùn ju àwo lọ, àwa méjèèjì jẹ àwo kan, ó ṣẹ́kù. Màmá yọ ike ata gígún láti inú àpò. Ọkùnrin tó ń din ẹja ní kí òun tọ́ ọ wò. A kìlọ̀ fún un.

Ọjọ́ Kẹta: Àbámẹ́ta, 14 oṣù kẹfà

Ọjọ́ afárá. Òjò dá lẹ́yìn agogo mẹ́wàá, afẹ́fẹ́ sì rọ́pò rẹ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣi ọ̀nà. Fóònù ní kí n yà sọ́tùn-ún, mo yà sọ́tùn-ún, ipa ọ̀nà náà sì ń tín-ín-rín sí i títí ó fi di igbó. Mo fọwọ́ ti koríko kan sẹ́yìn kí Màmá lè kọjá ni ọwọ́ mi bá gbaná. Màmá wò ó. "Èsìsì." Bẹ́ẹ̀ ni, èsìsì ilẹ̀ òyìnbó! Ó ń jó ju tiwa lọ. Bàbá àgbà kan tó ń fa ajá bọ̀ ló yọ wá. Wọ́n já ewé gbàǹgbà kan létí ọ̀nà níbẹ̀, wọ́n fún un títí omi rẹ̀ fi jáde, wọ́n ní kí n fi pa á. Ó rọlẹ̀ díẹ̀. Bàbá náà ní ibi tí èsìsì bá ti hù, ewé yìí máa ń wà nítòsí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé afárá là ń wá, wọ́n yí ajá padà, wọ́n ní kí a tẹ̀lé àwọn.

Ẹ wò ó láti ìsàlẹ̀ ná kí ẹ tó gun orí rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì. Láti òkè, ọ̀nà títẹ́jú lásán ni, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń kọjá, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń kọjá. Àmọ́ bí o bá dúró létí odò Don tí o gbójú sókè, ọrùn yóò dùn ọ́. Ihò ńlá 21 ló wà lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ̀ kọrọdọ bí òṣùmàrè. Wọ́n ní bíríkì tó lọ sí i lé ní mílíọ̀nù 15. Ó ga ju 100 ẹsẹ̀ bàtà lọ, ó sì gùn ju 1,500 lọ. Lójú odò gan-an ni bíríkì ti dáwọ́ dúró, tí irin tí wọ́n hun bí agbọ̀n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún 150 ẹsẹ̀ bàtà, tí bíríkì tún gbà á padà lódìkejì.

Ọdún 1906 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ó parí ní 1907, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbabẹ̀ ní 1909. Ẹ ro bí wọ́n ṣe gbé ẹrù kọjá àfonífojì náà. Wọ́n ta okùn irin láti òkè kan dé èkejì, ẹrù ń yọ́ lọ lórí rẹ̀. Blondin ni wọ́n ń pe okùn náà, orúkọ ará Faransé tó rìn lórí okùn kọjá Niagara ní 1859.

Ọkọ̀ èédú ni wọ́n kọ́ ọ fún. Rélùwéè Dearne Valley ni orúkọ ojú irin náà, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó èédú inú àfonífojì Dearne lọ sí èbúté. Èrò kàn fara kọ́ ọ ni: ọkọ̀ èrò bẹ̀rẹ̀ ní 1912, ó dá ní 1951. Nígbà tó fi máa di 1966, ọkọ̀ kankan kò gba orí afárá náà mọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ rélùwéè láyé ọjọ́un ti figagbága débi pé ojú irin tí wọ́n là sí agbègbè kan ṣoṣo yìí ju ohun tí ẹnikẹ́ni nílò lọ. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ níbẹ̀: ọdún 57 péré ni afárá yìí fi ṣiṣẹ́. Ilé Hamelin tó ń yọ̀ bọ́ sí kòtò gbé ju ìlọ́po mẹ́fà ìyẹn kó tó di ahoro.

Bàbá alájá ti ṣiṣẹ́ nínú kòtò èédú Cadeby, lábẹ́ ibẹ̀ níbẹ̀, títí wọ́n fi tì í ní 1986. Màmá bi wọ́n ní ìbéèrè tí èmi kò ní í ronú kàn: ta ló ń fọ aṣọ yín? Bàbá dúró jẹ́ẹ́. Ìyàwó àwọn ni, wọ́n ní, ó ti kú. Mo ń túmọ̀ fún àwọn méjèèjì, nígbà tó yá mo rí i pé n kò túmọ̀ mọ́, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọṣẹ.

Bàbá náà ló sọ ti 9 oṣù keje 1912 fún wa. Ọba George Karùn-ún àti ayaba ń ṣàbẹ̀wò sí agbègbè náà lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kò sì lọ síbi iṣẹ́ lóru nítorí ayẹyẹ. Nǹkan bú nínú kòtò Cadeby kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́. Àwọn olùgbàlà wọlé, àwọn ọ̀gá tó ń ṣàyẹ̀wò kòtò fún ìjọba wọlé tẹ̀lé wọn, ó sì tún bú lẹ́ẹ̀kejì. Nǹkan bí 90 ènìyàn ló kú, àwọn tó wọlé lọ gba ẹlòmíràn là ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọba fúnra rẹ̀ wá sẹ́nu kòtò lálẹ́ ọjọ́ náà láti bá wọn kẹ́dùn. Lórí ilẹ̀ kòtò náà, wọ́n kọ́ ibi ìgbafẹ́ ńlá kan tí wọ́n ṣí ní 1999. Ọdún márùn-ún ló lò tó fi kógbá sílé.

"Kí ló dé tí wọn ò wó afárá?" ni mo bi Bàbá. Wọ́n ní wíwó náà ń gba owó, ta ló fẹ́ ná an?

Orí afárá ni afẹ́fẹ́ ti gba ìborùn Màmá. Ìborùn funfun tí wọ́n rà ní Dùgbẹ̀ ni, ó ta gbọ́n-ọ́n kúrò lórí, ó fò kọjá ògiri, a sì dúró tí à ń wò ó bó ṣe ń rọra bọ̀ kalẹ̀ bí ẹyẹ lékeléke, títí ó fi há sórí igi kan ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ etí odò. Mo ní kí a fi í sílẹ̀. Màmá kò dáhùn. Ọmọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ kan, kò lè ju ọmọ ọdún 16 lọ, ti gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri. Kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Ó tó ìṣẹ́jú ogún kó tó padà, èèpo igi lára rẹ̀, ìborùn lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá gbàdúrà fún un ní Yorùbá láti orí dé ẹsẹ̀, ó dúró títí àdúrà fi parí, ó ní "Cheers, love", ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Kẹrin: Àìkú, 15 oṣù kẹfà

Ẹ má ṣe fi ìpadàbọ̀ sí ọjọ́ Àìkú bí ẹ bá lè yẹra fún un. Wọ́n ń tún ojú irin ṣe, ọkọ̀ tó yẹ kó gbé wa kò rìn, bọ́ọ̀sì ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, bọ́ọ̀sì náà kò sì rí ibùdókọ̀ tí a ti ń dúró dè é. A rí i bó ṣe kọjá lọ lókè ọ̀nà. A dúró fún wákàtí kan àbọ̀. Ìbínú tèmi kò ṣe é kọ síbí. Màmá ní bàbá wa máa ń sọ pé ọjọ́ tí wọn kò bá tún ojú irin ṣe ni kí èèyàn bẹ̀rù.

Lórí ọkọ̀ tó ń lọ sí London ni mo tó mọ̀ pé nǹkan wà nínú àpò ọwọ́ Màmá. Mo ń wá omi, ọwọ́ mi kan ohun líle kan tí wọ́n wé sínú aṣọ. Mo tú u. Èédú ni, ó tó ẹyin pẹ́pẹ́yẹ, ó ń dán. Ibi tí wọ́n ti rí i létí ọ̀nà, ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ he é, n kò rí wọn. Aṣọ tí wọ́n sì fi wé e ni ìborùn funfun yẹn, èyí tí ọmọ ọlọ́mọ fẹ́rẹ̀ẹ́ já sódò nítorí rẹ̀. Àárín rẹ̀ ti dúdú kirikiri.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfurufú."

Wọ́n gba àpò wọn.

"Ìborùn yín ti bàjẹ́."

"Kò bàjẹ́. Má fi omi kàn án. Gbọn ìyẹ̀fun rẹ̀ dànù ná, lẹ́yìn náà ọṣẹ dúdú gbígbẹ, kí o tó da omi sí i. Bí o bá kọ́kọ́ fi omi sí i, ó ti wọlé lọ nìyẹn." Wọ́n tún un wé, wọ́n fi orí ti fèrèsé. A kò tíì dé Newark tí wọ́n fi sùn.